A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ìdìbò Abẹ́lé àti Olùdìbò Aládàádúró

Láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jíròrò lórí òṣèlú ilẹ̀ yìí, gbólóhùn kan wà tí ó ti di àjọsọ, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í dúró yẹ̀ wò mọ́. Gbólóhùn náà ni pé ìdìbò abẹ́lé, tí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń yan ẹni tí yóò díje dupò ààrẹ, jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹgbẹ́, àti pé ẹni tí kò bá gba káàdì ẹgbẹ́ kò ní ẹnu níbẹ̀. Wọn a ní kí olùdìbò aládàádúró, èyíinì ni ẹni tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe, fi sùúrù dúró de ọjọ́ ìdìbò gbogbogbòò, nígbà náà ni yóò wá yan èyí tí ó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ́. Bí a bá pe ènìyàn wá jẹun nígbà tí ọbẹ̀ ti jinná, tí a gbé ìkòkò méjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tí kò sì sí èyí tí ó lè jẹ nínú méjèèjì, ta ni yóò sọ pé ẹni náà yan oúnjẹ? Àwọn àgbà ti wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí tí wọ́n ń fá nínú ìdìbò abẹ́lé kì í ṣe orí ẹgbẹ́. Orí gbogbo ìlú ni.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí àwọn olóṣèlú ilẹ̀ yìí fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí nígbà tí ó bá wù wọ́n, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí níbi gbogbo. Nǹkan bí ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá níbẹ̀ ni ó máa ń sọ fún àwọn olùwádìí èrò ará ìlú pé aládàádúró ni àwọn. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, òfin gba ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan láàyè láti gba ìwé ìdìbò abẹ́lé ti ẹgbẹ́ tí ó bá wù ú. Nítorí èyí, olùdíje tí ó bá dé ibẹ̀ kò lè gbójú lé àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ nìkan. Ó ní láti wọ ilé oúnjẹ, kí ó jókòó nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì dáhùn ìbéèrè lẹ́nu ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Ní ọdún 2000, George W. Bush ni ọ̀pọ̀ àgbà ẹgbẹ́ Republican ti gbà lọ́kàn ara wọn. Àwọn aládàádúró wà lára àwọn tí ó mú kí John McCain fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ ní New Hampshire. Bush ni ó padà gba àsíá ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ojú kan wà tí ó ń wo òun yàtọ̀ sí ojú àwọn ará ilé rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ gbọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Ìtìjú ni ó kọ́ wọn. Ní ọdún 1968, ní ìlú Chicago, ẹgbẹ́ Democratic fa Hubert Humphrey kalẹ̀ nígbà tí kò díje nínú ìdìbò abẹ́lé kan ṣoṣo. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro, ẹgbẹ́ náà fìdí rẹmi nínú ìdìbò ọdún náà, wọ́n sì lọ tún ìlànà wọn ṣe. Títí di òní, àwọn ìpínlẹ̀ bí Florida àti New York ṣì ń ti ìlẹ̀kùn ìdìbò abẹ́lé mọ́ aládàádúró. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá lọ fi Florida gbèjà àṣà ilẹ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ẹgbẹ́ tì mọ́ta lè dá dúró díje. Ross Perot ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1992, ó sì gba nǹkan bí ìbò 19 nínú 100. Ibẹ̀ ní ìlẹ̀kùn mìíràn. Ilẹ̀ yìí kò ní.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa, ìlú Jos ni ó yẹ kí a yíjú sí. Ìlú òtútù tí iṣẹ́ kùsà sọ di ńlá, tí reluwé sì kó Yorùbá, Igbo àti Hausa wá bá àwọn Berom, Anaguta àti Afizere gbé, ni ẹgbẹ́ òṣèlú ti péjọ lẹ́ẹ̀mejì láti yan ẹni tí ó di gbajúgbajà nínú ìtàn Nàìjíríà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ẹni tí wọ́n yàn nígbà méjèèjì. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n lọ, Jos sì ni a ti gbé àsíá lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Síbẹ̀, ojú tí olùdìbò aládàádúró fi wo èkíní kọ́ ni ó fi wo èkejì.

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 1993 ni ẹgbẹ́ SDP péjọ sí Jos. Kí ó tó di ìgbà náà, ìjọba Ọ̀gágun Babangida ti fagi lé ìdìbò abẹ́lé ti ọdún 1992, wọ́n sì ti dènà àwọn olùdíje 23. Ìlànà tuntun tí wọ́n pè ní Option A4 ni wọ́n wá lò. Ìlànà náà ní àbùkù tirẹ̀, nítorí pé ìjọba ológun ni ó dá ẹgbẹ́ méjèèjì sílẹ̀, ìjọba ológun náà ni ó sì ń pinnu ẹni tí ó lè jáde. Ṣùgbọ́n ó ní ẹwà kan tí a kò tún rí mọ́: olùdíje kò lè fò láti yàrá ilé ìtura bọ́ sí orí pèpéle àpéjọ gbogbogbòò. Wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni ó ti ní láti bẹ̀rẹ̀, kí ó jáwé olúborí níbẹ̀, kí ó tó dé ìjọba ìbílẹ̀, kí ó tó dé ìpínlẹ̀. Kí Moshood Abiola tó dé Jos, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

Ní Jos, nínú ìdìbò àkọ́kọ́, Abiola ní ìbò 3,617, Babagana Kingibe ní 3,255, Atiku Abubakar sì ní 2,066. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìyẹn yangàn. Ìdúnàádúrà wọlé, Shehu Yar'Adua, tí Atiku jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ní kí Atiku yọwọ́, Abiola sì borí. Bí ó bá jẹ́ pé ojú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ nìkan ni a fi wo Abiola ni, a ó sọ pé olùdíje tí ó fi díẹ̀díẹ̀ yọ ni. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, nígbà tí àwọn tí kò mọ òpó ẹgbẹ́ kankan jáde. Ìbò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ó borí Bashir Tofa ní Kano, ní ìlú Tofa gan-an. Àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ń kìlọ̀ ṣáájú pé Mùsùlùmí méjì lórí àsíá kan, Abiola àti Kingibe, kò lè tà láàárín àwọn Kristẹni àárín gbùngbùn ilẹ̀ yìí. Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí Kristẹni pọ̀ sí jọjọ, dìbò fún wọn. Kì í ṣe pé àwọn ará Plateau kò mọ ẹ̀sìn àwọn ènìyàn náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wò kì í ṣe ohun tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ń wò.

Ibí yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Aṣojú ẹgbẹ́ a máa bi ara rẹ̀ léèrè pé: ọmọ ta ni olùdíje yìí nínú ẹgbẹ́? Kí ni ó mú wá? Bí ó bá wọlé, ta ni yóò di mínísítà láti ìpínlẹ̀ wa? Aládàádúró kò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọjà ńlá Terminus ní Jos jóná mọ́ lọ́wọ́ ní ọdún 2002, tí ó sì ń wo àlàpà ọjà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa béèrè ẹni tí ó lè mú kí òwò padà sọjí. Ẹni tí ó la rògbòdìyàn ọdún 2001 àti ti ọdún 2010 já ní ìlú náà a máa wo ẹnu olùdíje bóyá ọ̀rọ̀ tí ó ń ti ibẹ̀ jáde lè jẹ́ kí aládùúgbò méjì sùn lóru. Kò ní ọ̀gá tí yóò pè é lórí tẹlifóònù pé kí ó yí ọkàn padà. Ìdájọ́ rẹ̀ lè ṣì. Ojú rẹ̀ kò sí nínú àpò ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kejì ọdún 1999 ni ẹgbẹ́ PDP náà gba Jos lọ. Olusegun Obasanjo, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n Abacha dé ní ọdún tí ó ṣáájú, ní ìbò 1,658. Alex Ekwueme, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ní 521. Àwọn ọ̀gágun tí ó ti fẹ̀yìn tì wà lẹ́yìn Obasanjo gbágbáágbá. Ìyẹn kì í ṣe olùdíje tí ó fi díẹ̀díẹ̀ yọ. Ojú ẹgbẹ́ rí i, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdìbò gbogbogbòò dé ní ọjọ́ 27 oṣù náà, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ni ó kọ̀ ọ́, tí ó fi mọ́ ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tí Yorùbá dìbò fún sàn jù ní ti ọ̀nà tí wọ́n gbà yan olùdíje. Ní ilé ìtura D'Rovans ní Ìbàdàn, ní oṣù Kìíní ọdún náà, ẹni 23 péré ni ẹgbẹ́ AD kó jọ láti yan Olu Falae lé Bola Ige lórí. Ẹni 23! Afọbajẹ ìlú mìíràn kò tó iye yẹn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n afọbajẹ kì í pe ara rẹ̀ ní ìjọba tiwa-n-tiwa. Nípa báyìí, ọmọ Yorùbá méjì ni wọ́n gbé síwájú gbogbo Nàìjíríà, nítorí pé àwọn àgbà òṣèlú ti pinnu pé kí a fi ipò náà tu Yorùbá nínú lórí ọ̀rọ̀ Abiola. Ó lè jẹ́ ìpinnu rere. Ta ni ó béèrè lọ́wọ́ aládàádúró?

Àwọn agbèjà àṣà yìí a máa sọ pé ẹgbẹ́ dà bí ìdílé, àlejò kì í sì í bá ìdílé yan olórí ẹbí. Àfiwé náà ì bá dára bí ó bá jẹ́ pé ìdílé kan ṣoṣo kọ́ ni ó ni ẹnu ọ̀nà ìlú. Ìwé òfin ilẹ̀ yìí ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí yóò díje dupò ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹgbẹ́ náà sì fà á kalẹ̀. Abala 221 tún fi kún un pé kò sí àjọ mìíràn, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú, tí ó gbọ́dọ̀ polongo ìbò fún olùdíje. Ní ọdún 2007, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ọ̀rọ̀ náà dé góńgó nínú ẹjọ́ Rotimi Amaechi. Celestine Omehia ni ó jáde díje ní Ìpínlẹ̀ Rivers, òun ni wọ́n sì kéde. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ní ẹgbẹ́ ni aráàlú dìbò fún, Amaechi sì ni ẹni tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀, nítorí náà òun ni gómìnà. Amaechi lè ní ẹ̀tọ́ sí ipò náà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. A kò bá a jà. Ohun tí ìdájọ́ náà sọ fún aládàádúró ni pé ojú tí ó fi wo olùdíje kò já mọ́ nǹkan kan. Ó rò pé òun dìbò fún ènìyàn. Òfin ní àsíá ni ó dìbò fún. Ẹgbẹ́ tí òfin fún ní irú agbára bẹ́ẹ̀ kò tún lè pe ara rẹ̀ ní ìdílé tí ó ń ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá di kọ́kọ́rọ́ ìlú mú gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú.

Iye àwọn tí ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú sì dínkù ní ọdún 2022. Òfin ìdìbò ti ọdún 2022 yọ àwọn olóyè ẹgbẹ́ àti àwọn tí ó wà nípò kúrò lára àwọn tí ó lè dìbò abẹ́lé, ó ku àwọn aṣojú tí a yàn. Ní Àbújá, ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìbò 371 ni Atiku Abubakar fi gba àsíá PDP. Ní oṣù Kẹfà, ìbò 1,271 ni Bola Tinubu fi gba ti APC. Ariwo owó dọ́là gba ìgboro kan nígbà náà, tí ó fi jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ EFCC pàápàá yọjú sí àpéjọ PDP. Bí a bá ro ìbò àwọn méjèèjì pọ̀, kò pé ẹgbàá; àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ọdún 2023 sì lé ní mílíọ̀nù 93. Peter Obi, tí ó rí bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí, ti fi PDP sílẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dìbò abẹ́lé, ó sì lọ gba àsíá ẹgbẹ́ Labour. Àwọn olóṣèlú ní kò ní òpó ní àdúgbò kankan. Ó borí ní Èkó, níbi tí òpó Tinubu ti rinlẹ̀ jù lọ. Ó borí ní Plateau, nígbà tí ó jẹ́ pé Simon Lalong, gómìnà Plateau fúnra rẹ̀, ni olùdarí àgbà ìpolongo Tinubu. Ìpínlẹ̀ tí ó gba Mùsùlùmí méjì ní ọdún 1993 kò gba Mùsùlùmí méjì ní ọdún 2023. Ohun tí ojú wọn rí láàárín ọgbọ̀n ọdún náà ni ó yí ojú náà padà, kò sì sí aṣojú ẹgbẹ́ tí ó béèrè kí wọ́n tó fa olùdíje kalẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, nǹkan bí 27 péré nínú 100 ni ó jáde dìbò ní ọjọ́ náà. Àwọn tí ó jókòó sílé pọ̀ ju ìbò gbogbo olùdíje lápapọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí irọ́ "ọ̀rọ̀ ilé ẹgbẹ́" ti tú síta bí ó ti tú ní Plateau lẹ́yìn ìdìbò náà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ilé-ẹjọ́ kan ní Jos ti pàṣẹ fún ẹgbẹ́ PDP pé kí ó ṣe ìpàdé ìdìbò rẹ̀ bí ó ti tọ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Ìjà abẹ́lé ni, aráàlú kò mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n dìbò ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n sì yan ọ̀pọ̀ olùdíje PDP. Ní oṣù Kọkànlá, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ẹgbẹ́ náà kò tẹ̀lé àṣẹ, nítorí náà kò ní ẹ̀tọ́ láti fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 16 pàdánù ipò wọn. Àwọn tí aráàlú kò yàn ni wọ́n gbé sípò. Nípa irú ìdájọ́ kan náà ni Lalong fi di sẹ́nétọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá Gómìnà Caleb Mutfwang padà sí ipò rẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà tí ẹgbẹ́ gbà fa olùdíje kalẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ mìíràn lè fi pe ẹjọ́ lórí èsì ìdìbò. Ìyẹn dára fún gómìnà. Ní ti àwọn 16, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni òfin fi òpin ẹjọ́ wọn sí. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbà. Ẹni tí ó to ìlà nínú oòrùn ní Jos, tí kò ní káàdì ẹgbẹ́ rí láyé rẹ̀, ni ìbò rẹ̀ di òfo nítorí ìpàdé tí wọn kì bá tí jẹ́ kí ó wọ̀. Kí ẹni tí ó bá tún fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé kò kan aládàádúró lọ sọ ọ́ ní ìgboro Jos.

Wọ́n tún ní bí a bá ṣílẹ̀kùn, àwọn ọ̀tá ẹgbẹ́ yóò wọlé wá yan aláìlera kí tiwọn lè rí i bì ṣubú. Ní New Hampshire, a ti ń bẹ̀rù èyí láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì sì wà síbẹ̀ digbí. Ní ilẹ̀ yìí, ó rọrùn púpọ̀ fún ọ̀tá láti ra 1,000 aṣojú nínú ilé ìtura ju kí ó ra mílíọ̀nù ènìyàn ní wọ́ọ̀dù wọn lọ. Wọ́n ní owó yóò pọ̀ jù. Ìdí kan pàtàkì tí Ààrẹ Buhari fi kọ̀ láti buwọ́ lu ìdìbò abẹ́lé tààrà ní ìparí ọdún 2021 nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ìwé òfin yẹn pàápàá ì bá ṣílẹ̀kùn fún. Owó tí a ná lórí ẹjọ́ lẹ́yìn ìdìbò, ta ni ó ti kà á rí?

Ẹ̀bi náà kò sì ṣẹ́kù sí ọrùn olóṣèlú nìkan. Àwọn kan wà ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó fi àìbẹ́gbẹ́ṣe ṣe oyè. Wọn a ní ọwọ́ àwọn mọ́, àwọn kò bá wọn dá sí ìdọ̀tí òṣèlú. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láàárín wọn ni a sì máa ń pè láti wá ka èsì ìbò fún gbogbo ayé gbọ́! Ẹni tí ó bá ń ka èsì lórí olùdíje tí kò bi ní ìbéèrè kan rí kò dá dúró. Ó kàn jìnnà ni. Aládàádúró New Hampshire kì í jókòó sílé de ọjọ́ ìdìbò gbogbogbòò. Ó ń bọ́ sí ìta nígbà tí olùdíje ṣì ń wá àsíá, nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì lè dùn ún tàbí kí ó pa á lára.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè kò le. Bí òfin bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa nìkan fa olùdíje kalẹ̀, kí ó jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò kópa nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kan tí ó bá yàn, ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ bá sì ní àwọn yóò ti ilé wọn, kí òfin gba aládàádúró láàyè láti díje, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Muhammadu Uwais darí ti dámọ̀ràn ní ọdún 2008. Kí òfin tó yí padà, ohun kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ olùkọ́ lè ṣe láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n máa pe gbogbo ẹni tí ó bá ń wá àsíá wá sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ láti wá dáhùn ìbéèrè ní gbangba, ṣáájú kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tó wọ ọkọ̀ lọ sí àpéjọ, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó bá kọ̀ láti wá sí ojú pátákó kí gbogbo ènìyàn lè rí i.